Gánà tí mo bá lọ́jà kì í ṣe Gánà inú ìtàn agboolé wa

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, a kì í ka Gánà mọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ wọ agboolé tó bá wù yín, ẹ ó bá àgbàlagbà kan níbẹ̀ tí wọ́n bí sí Tamale, tàbí ẹni tí bàbá rẹ̀ fi owó tó pa ní Kumasi kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí gbogbo wọn ń gbé. A ní àwọn ìyá tí orúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣòwò ti bo orúkọ àbísọ wọn mọ́lẹ̀: Ìyá Yendi, Ìyá Kumasi, Ìyá Tamale. Ìyá Tamale ló bí ìyá mi. Títí ọlọ́jọ́ fi dé, bí adìẹ bá ṣa èlùbọ́ tí màmá sá sóòrùn jẹ, èdè Dagbani, èdè àwọn ará Tamale, ni wọ́n fi ń lé e.

Èmi náà di ẹni tó ń ná Gánà. Áńkárá ni mò ń tà, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Tákíè. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó fẹ́ lọ kàwé tàbí tó fẹ́ lọ ṣòwò níbẹ̀ a máa wá jókòó tì mí pé, "Ìyá, báwo ni Gánà ṣe rí?" Mi ò lè dá wọn lóhùn ní gbólóhùn kan, torí Gánà tí mo bá lọ́jà ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí àwọn àgbà wa ń ròyìn wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá kan ni: apá òkè, ní àdúgbò àlejò tí wọ́n ń pè ní zongo, kí ọdún 1969 tí wọ́n lé àwọn àlejò tó dé. Ẹni tó bá gbé ìròyìn yẹn nìkan wọ Accra, ìlú tí kò sí níbẹ̀ ni yóò máa wá kiri.

Kí a ti ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ilẹ̀ ló ń pàṣẹ ohun tí wọ́n ń gbìn, ohun tí wọ́n ń gbìn ló sì ń pàṣẹ ọjà. Gánà kò tóbi tó Nàìjíríà. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 238,500 kìlómítà níbùú lóòró; ẹ lè kó mẹ́ta irú rẹ̀ sínú Nàìjíríà kí àyè ó tún ṣẹ́ kù. Ìkànìyàn ọdún 2021 ka ènìyàn bíi mílíọ̀nù 30.8. Tógò wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀, Côte d'Ivoire ní ìwọ̀-oòrùn, Burkina Faso ní àríwá, òkun sì wà ní gúúsù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó yí i ká yìí, Faransé ló ṣàkóso wọn rí; Gánà nìkan ló bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ti Èkó gba Sèmè, tó la Kútọnu àti Lomé kọjá, fi máa ń mí kanlẹ̀ tó bá dé Aflao, torí ó tún ti gbọ́ èdè tó yé e. Lomé fúnra rẹ̀ fara kan ẹnubodè Gánà. Ẹ lè jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní Tógò kí ẹ fẹsẹ̀ rìn wọ Gánà kí oúnjẹ náà tó dà.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé etíkun Accra gbẹ. Ní tiwa, bí ènìyàn bá ṣe ń sún mọ́ òkun ni òjò ń pọ̀ sí i: Èkó ń rí òjò ju Ìbàdàn lọ, Ìbàdàn ń rí i ju Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ti Accra kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 800 mìlímítà lọ, nígbà tí tiwa níhìn-ín ń tó nǹkan bí 1,200. Láti Aflao títí wọ Accra, pápá ni ẹ ó máa rí, koríko, màlúù, òkìtì ọ̀gán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ̀lé etíkun kan náà títí dé Axim, lápá Côte d'Ivoire, òjò ibẹ̀ ń ju 2,000 mìlímítà lọ. Etíkun kan náà ni o.

Tí ẹ bá fi Accra sílẹ̀ tí ẹ kọrí sí Kumasi, ojú ilẹ̀ á yí padà. Òkè bẹ̀rẹ̀, igbó dé. Ibẹ̀ ni owó Gánà ti ń wá láti ayébáyé. Góòlù ló jẹ́ kí àwọn Pọtogí kọ́ odi sí Elmina ní 1482, góòlù náà ló sì jẹ́ kí òyìnbó pe gbogbo etíkun yẹn ní Góòlù Kóòsì, orúkọ tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè é. Wọ́n ṣì ń wa góòlù ní Obuasi títí dòní. Kòkó ni ó tẹ̀lé góòlù. Alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Tetteh Quarshie ló kó irúgbìn rẹ̀ bọ̀ láti erékùṣù Fernando Po ní 1879, ó gbìn ín sí Mampong ní Akwapim, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí Gánà fi di ọ̀gá kòkó lágbàáyé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Côte d'Ivoire nìkan ló ń kórè jù wọ́n lọ. Epo rọ̀bì kàn dé láìpẹ́ ni: wọ́n rí i lábẹ́ òkun ní 2007, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn ní ìparí 2010. Kò tíì sọ wọ́n di wa, bóyá ìyẹn náà dáa.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí kòkó, torí ó kan ẹni tó ń tajà. Ní Nàìjíríà, ìjọba ti tú ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká ní 1986. Ẹnikẹ́ni ló lè rà á níye tó bá wù ú. Gánà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní COCOBOD ló ń kéde iye tí wọn yóò san fún àgbẹ̀ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Bí iye náà bá dùn, owó á wà níta ní Kumasi, aṣọ á tà. Bí iye tí wọ́n ń san ní Tógò tàbí Côte d'Ivoire bá sì ju ti Gánà lọ, kòkó á máa gba ojú ọ̀nà ẹ̀bùrú jáde lóru. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra aṣọ ni mo ti kọ́ pé ìgbà tí kòkó bá wọlé, láti bí oṣù kẹwàá lọ, ni obìnrin ìgbèríko ń ra odindi, kì í ṣe àbọ̀.

Ohun tó ń dun àwọn ènìyàn jù níbẹ̀ báyìí ni galamsey, wíwa góòlù láìgbàṣẹ. Odò Pra àti Ankobra ti pọ́n bí omi amọ̀. Àgbẹ̀ ń ta oko kòkó fún àwọn tó ń wa góòlù, torí owó tí yóò gbà lọ́wọ́ kan ju ohun tí yóò kórè ní ọdún púpọ̀ lọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìròyìn àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ kiri ní Ìjẹ̀ṣà kò ní í bèèrè àlàyé.

Láàárín igbó àti àríwá ni adágún Volta wà. Ọwọ́ ènìyàn ló dá a. Nígbà tí Kwame Nkrumah, ààrẹ àkọ́kọ́ Gánà, sé odò Volta ní Akosombo, tí iṣẹ́ náà parí ní 1965, omi tẹ́ sílẹ̀ títí ó fi bo nǹkan bí 8,500 kìlómítà níbùú lóòró, àwọn ènìyàn bí 80,000 sì kó kúrò ní ìletò wọn. Iná tó ń wá láti ibẹ̀ ń dé Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Iná wọn náà a máa lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Àfi kí a sọ pé tiwọn ń padà wá.

Àríwá ni Ìyá Tamale ti lo gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ jọ Òkè-Ògùn wa ju bó ṣe jọ Accra lọ: igi òrí, igi irú, iṣu, ọkà bàbà. Kò sí pé òjò àkọ́rọ̀ lọ kí àrọ̀kúrò tún dé. Òjò kan ṣoṣo ni lọ́dún, tó bá ti lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ìyẹn ló fà á tí àwọn ọmọbìnrin àríwá fi ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Kumasi àti Accra láti ru ẹrù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kayayei ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní Makola, ọjà ńlá Accra, wọ́n pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ọpọ́n ńlá lórí, ọmọ lẹ́yìn. Nígbà kan, ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ru ìdì aṣọ mi. Mo kí i pé, "Dasiba," bí màmá ṣe ń kí wa láàárọ̀ ní agboolé. Ó dáhùn pé, "Naa," ó wò mí lẹ́ẹ̀kejì, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ló bá ń bi mí pé ta ni ìyá mi ní Tamale. Láti ìgbà náà, òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mò ń bèèrè. Ìwọ̀nba èdè tí mo gbọ́ lẹ́nu màmá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ni ìsọ̀, kò níye lórí rárá. Twi tàbí Ga ni kí ẹ sọ, tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Haúsá sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo zongo, láti Accra títí dé Bawku.

Àwọn ènìyàn ńkọ́? Àwọn Akan ló pọ̀ jù, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì: Ashanti, Fante, Akwapim, Akyem àti àwọn mìíràn. Àwọn Dagomba àti àwọn ìbátan wọn wà ní àríwá, Ewe ní ìlà-oòrùn títí wọ Tógò, Ga sì ni onílẹ̀ Accra. Ọba Ashanti, Asantehene, ń jókòó sórí àga. Ọba Dagomba, Ya-Na tó wà ní Yendi, orí awọ ẹran ló ń jókòó lé. Bí wọ́n bá fi ènìyàn jọba ní gúúsù, wọ́n á ní ó gun àga. Ní àríwá, wọ́n á ní ó gun awọ. Ẹ má lọ bi ará Tamale léèrè pé àga wo ni ọba wọn wà.

Akan kì í bi yín ní orúkọ lásán, ọjọ́ ìbí ni wọ́n ń bèèrè. Ọkùnrin tí wọ́n bí ní Ọjọ́ Ẹtì ni Kofi, ti Sátidé ni Kwame. Obìnrin tí wọ́n bí ní Sọ́ńdè ni Akosua. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bí mi, nítorí náà Yaa ni mò ń jẹ́ ní Kumasi, orúkọ ìyálóde Ejisu náà, Yaa Asantewaa, tó kó ogun jọ ní 1900 nígbà tí gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n gbé Àga Góòlù, àga mímọ́ àwọn Ashanti, wá kí òun jókòó lé e. Ẹni tó bá ti mọ ọjọ́ ìbí yín, tó fi ń pè yín, kì í tún fọ́n owó ọjà lé yín lórí bíi ti àjèjì. Ìyẹn ò ní kí ẹ má dúnàádúrà o. "Te so" ni kí ẹ máa wí, títí ó fi sọ ọ́ kalẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ mi ti jẹ́ kí n mọ̀ wọ́n jù ni ìsìnkú. Ọjọ́ Sátidé ni Ashanti ń ṣe òkú, òkú náà sì lè ti wà nínú ẹ̀rọ amúǹkan-tutù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ẹbí tó múra tán. Dúdú àti pupa ni aṣọ ọ̀fọ̀; àwọn tó bá òkú tan gan-an ni pupa sábà ń pọ̀ lára wọn. Bí ẹni tó kú bá ti gbó, tó lo ilé ayé pẹ́, dúdú pẹ̀lú funfun ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á sì wọ funfun lọ ṣe ìdúpẹ́ ní Sọ́ńdè. Nítorí náà, àwọn ilé iṣẹ́ bíi GTP ní Tema ń tẹ áńkárá dúdú-àti-pupa, dúdú-àti-funfun, tí ẹni tí kò mọ àṣà ibẹ̀ á máa bi ara rẹ̀ pé ta ni ń ra gbogbo èyí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, aṣọ ẹbí ni: ọlọ́jọ́ ló ń yan àwọ̀, bó bá wù ú kó mú ewé, bó bá wù ú kó mú àyìnrín, kódà pupa lè bọ́ sí ìyàwó. Nígbà tí oníbàárà mi kan fẹ́ rán aṣọ pupa-àti-dúdú fún ìkómọ, mo tà á fún un, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé kí ó má gbé e lọ bá àwọn àna rẹ̀ tó wà ní Kumasi.

Wọ́n tún ní tábìlì níbi òkú. Ẹ mú owó yín lọ síbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á kéde orúkọ yín àti iye tí ẹ mú wá lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n á sì já rìsíìtì fún yín. Àwa ń ná owó lójú agbo, wọ́n ń gbá a jọ lẹ́yìn. Èmi fẹ́ràn rìsíìtì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ogún ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa tó fẹ́ fẹ́ ará ibẹ̀, mo sì máa ń tún un sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, bí bàbá bá kú, ọmọ ló jogún. Bí ìyàwó bá pọ̀, a pín in ní ìdí-igi. Lọ́dọ̀ Ashanti, ìdílé ìyá ni ènìyàn ń jẹ́. Lójú àṣà wọn, ọmọ tí ọkùnrin bí kò sí nínú ìdílé rẹ̀. Ọmọ arábìnrin rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, òun sì ni ogún ń bọ́ sí lọ́wọ́. Nígbà àtijọ́, opó àti àwọn ọmọ lè jáde nílé lẹ́yìn ìsìnkú. Ìjọba ológun Jerry Rawlings ló ṣe òfin ní 1985, PNDCL 111, tó ní kí ilé àti ohun èlò inú rẹ̀ jẹ́ ti opó àti ọmọ, kí wọ́n sì pín ìyókù: ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìndínlógún fún ọmọ, mẹ́ta fún ọkọ tàbí aya tó kù, méjì fún òbí, méjì fún ẹbí gẹ́gẹ́ bí àṣà. Òfin náà ń ṣiṣẹ́ bí kò bá sí ìwé ìhágún.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń fà. Bí ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ bá fẹ́ obìnrin Ashanti, ọmọ wọn ní ìdílé méjì: àwa ní ọmọ wa ni, àwọn náà ní ọmọ wọn ni. Bí obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ bá fẹ́ ọkùnrin Ashanti, àwa á ní ọmọ ti ọkọ ni, àwọn ọkọ á ní ti ìyá ni. Ọmọ náà á wà láàárín. Mo mọ irú ilé méjèèjì. Mi ò ní kí ọmọbìnrin má lọ, ṣùgbọ́n kí ọkọ kọ ìwé ìhágún nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, kí wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó tí ìjọba mọ̀.

Accra ní òfin tirẹ̀ tí kò sí ní ibòmíràn. Bí oṣù karùn-ún bá ń lọ, kí Homowo, ọdún àwọn Ga, tó dé, wọn á ka ìlù léèwọ̀ fún bí oṣù kan. Kò sí ariwo, kò sí gbohùngbohùn níta. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí náà ní láti rẹ ohùn sílẹ̀, ìjà sì ti ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ rí. Apẹja Ga kì í sì í lọ sókun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ti oúnjẹ, kenkey ni ẹ ó kọ́kọ́ bá pàdé: ẹ̀kọ kíkan líle kan báyìí, Ga ń fi háhá àgbàdo dì í, Fante ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í. Ẹ má bi mí ní ọ̀rọ̀ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Oníṣòwò ni mí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni mo ti ní oníbàárà.

Kente ńkọ́? Mo ti dé Bonwire, lẹ́bàá Kumasi. Ọkùnrin ló ń hun ún lórí òfì tóóró, wọ́n á wá gán an pọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn gan-an. Ewe náà ń hun tiwọn, tí ẹyẹ àti ẹranko máa ń wà lára rẹ̀. Ní 2024, UNESCO kọ iṣẹ́ híhun kente sínú ìwé ohun àjogúnbá ọmọ aráyé. Mi ò rí ìdí tí ti Ìsẹ́yìn kò fi ní í tẹ̀lé e, bí àwọn tó yẹ kó kọ̀wé bá kọ ọ́.

Ọjà ibẹ̀, obìnrin ló ni ín. Wọ́n ní ọbabìnrin iṣu, ọbabìnrin tòmátì, ọbabìnrin ẹja, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ iṣu kan wọ Kumasi láti Techiman, ọ̀dọ̀ ọbabìnrin iṣu ni ẹ ń lọ, ẹ kò ní í kàn já ẹrù sílẹ̀. Agbára wọn yìí bí àwọn ológun nínú. Ní 1979, nígbà tí ọjà wọ́n, àwọn sójà ní àwọn ìyálọ́jà ló ń kó o pamọ́, wọ́n sì fi katakátá wó ọjà Makola. Àwọn obìnrin náà tún padà síbẹ̀. Àwọn tó dàgbà nínú wọn ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni pé lánàá ni.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ wa kì í fẹ́ gbọ́: òfin. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Kofi Busia fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n kó lọ. Iṣẹ́ kò sí, ọjà sì wà lọ́wọ́ àlejò, ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tó padà sílé, ti Ògbómọ̀ṣọ́ sì pọ̀ nínú Yorùbá. Àwọn kan kò tíì fojú rí Ògbómọ̀ṣọ́ rí kí lọ́rì tó já wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ló dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Gánà, torí àwọn tiwa gbé ṣọ́ọ̀ṣì wọn dání lọ sídìí ọjà. Lẹ́yìn àṣẹ yẹn, ilé ìjọsìn púpọ̀ ṣófo. Ní 1970, òfin mìíràn tún tẹ̀lé e tó fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ nìkan. Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn àṣẹ Busia, ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shagari náà lé àwọn ará Gánà nílẹ̀ wa. Gbogbo wa ṣì ń ru àpò tí wọ́n fi kó ẹrù.

Àwọn kan rò pé ìyẹn ti di ìtàn. Òfin ìdókòwò Gánà ti 2013, Act 865, ní àjèjì tó bá fẹ́ ṣòwò ríra-àti-títà gbọ́dọ̀ mú mílíọ̀nù kan dọ́là wá, ó kéré tán, kí ó sì gba ogún ọmọ Gánà tó mọṣẹ́ síṣẹ́. Títajà nínú ọjà, ìpolówó kiri àti títajà lórí àtẹ, ọmọ Gánà nìkan ló wà fún. Ní 2019 àti 2020, wọ́n ti ìsọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà pa ní Kumasi àti Accra. Ẹ má sì gbàgbé pé ní oṣù kẹjọ 2019 ni Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀, tí ẹrù Gánà fi jókòó sí Sèmè títí di ìparí 2020. Ohùn àwọn tiwa ni pé ECOWAS ti fún wa láyè láti 1979. Ohùn tiwọn ni pé ECOWAS ní kí ẹ wọlé fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, kò ní kí ẹ gba àtẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ní tèmi, mi ò rí i pé wọ́n jẹ̀bi tán. Ẹgbẹ́ aláṣọ wa níhìn-ín pàápàá kì í jẹ́ kí ẹni tí a kò mọ̀ kàn wá pàtẹ sílẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí ìjọba fi òfin sílẹ̀ sórí ìwé fún ọdún púpọ̀, kí ó wá rántí rẹ̀ nígbà tí ìdìbò bá ń bọ̀.

Ìdìbò wọn fúnra rẹ̀ kò bí mi nínú. Ẹgbẹ́ méjì ló ń gba ìjọba lọ́wọ́ ara wọn, NPP àti NDC, ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀pẹ. Ní 2008, ohun tí Atta Mills ti NDC fi borí kò tó ìbò 41,000, ẹni tó fìdí rẹmi sì lọ sílé. Lọ́dún 2024, John Mahama ti NDC, tó ti ṣe ààrẹ rí, tún gbà á padà.

Ní ti owó, ẹni tó bá ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, irú mẹ́ta ló ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀: náírà, sẹ́fà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àti sídì. Ní 2007, Gánà yọ òdo mẹ́rin kúrò lára sídì, 10,000 àtijọ́ wá di ẹyọ kan. Àwọn ìyá àgbà ní ọjà ṣì lè dá iye lé aṣọ ní mílíọ̀nù, kí ẹ̀rù má bà yín. Ní 2022, ọ̀wọ́ngógó lé ní ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Ọ̀pẹ, ìjọba ní òun ò lè san gbèsè mọ́, IMF, àjọ tó ń yá orílẹ̀-èdè lówó, sì gbà láti yá wọn ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ní oṣù karùn-ún 2023. Oṣù tó tẹ̀lé e ni náírà tiwa náà já. Ẹni tó kó sídì pamọ́ kígbe, ẹni tó kó náírà pamọ́ kígbe. Ẹni tó kó aṣọ pamọ́ nìkan ló sùn.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí, mi ò ní ìsọ̀ ní Gánà, mi ò sì wá a. Rírà ni mò ń rà. Mo ní obìnrin kan ní Makola tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, òun ló ń kó àwọn àwòrán tuntun pamọ́ dè mí, àwọn ọmọ Tamale ru ú dé ìdíkọ̀, mo dì í wálé. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ibẹ̀ kí ó tajà, kí ó lọ ka ohun tó wà nínú òfin lọ́dún tó fẹ́ lọ, kó má gba ti ẹlẹ́nu ìdíkọ̀ gbọ́. Ọmọ tó fẹ́ lọ kàwé, ìwé ìgbélùú akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó tètè gbà, kí àádọ́rùn-ún ọjọ́ náà má tíì pé. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Ẹ rí i pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà yín níbi ẹnubodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti lọ àti bọ̀, kódà bí awakọ̀ bá ń pariwo pé ẹ ń fi àkókò òun ṣòfò.